Bí a ṣe ń fi íápíìsì hybrid méjì wéra láìjẹ́ kí etí tàn wá jẹ

Ẹni tó bá fi íápíìsì méjì wéra fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tó sì ní òun ti mọ èyí tó dára jù, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ èyí tó pariwo jù ló mú. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé hybrid méjì kalẹ̀, orin kan náà ni mo fi gbọ́ wọn, fọ́lúùmù fóònù ò kúrò lójú kan. Béèsì ọ̀kan kún dẹ́múdẹ́mú, ohùn akọrin inú rẹ̀ mọ́ gaara. Èkejì dún bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ bò lẹ́nu. Mo kọ ìdájọ́ mi sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni mo tó wọ̀n wọ́n, mo sì rí i pé ọ̀kan fi nǹkan bíi 4 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn ariwo) pariwo ju èkejì lọ. Mo mú wọn dọ́gba, mo tún gbọ́ wọn, ìdájọ́ dorí kodò. Èyí tí mo pè ní aláṣọ-lẹ́nu yẹn ló wà létí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nítorí náà, ìmúrasílẹ̀ ló máa gba ààyè jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Bí ìyẹn bá ti gún, gbígbọ́ ò ṣòro mọ́.

Ohun tó wà nínú ilé kékeré yẹn

Hybrid ni íápíìsì tó ní oríṣi sípíkà méjì, ó kéré tán, nínú ilé kan ṣoṣo. Ọ̀kan jẹ́ dynamic: awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ wáyà kíká mọ́, tí òòfà ń tì síwá sẹ́yìn, bíi ti sípíkà ńlá inú rédíò. Ó lágbára láti ti afẹ́fẹ́, nítorí náà béèsì ni wọ́n sábà máa ń gbé lé e lọ́wọ́. Èkejì ni balanced armature, tí gbogbo èèyàn ń pè ní BA. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàárín òòfà. Bí iná bá gba inú wáyà tó yí irin náà ká, á máa gbọ̀n, á sì máa fi ọ̀pá kékeré kan mi awọ. Inú ẹ̀rọ tí àwọn tí etí wọn wúwo ń lò ni BA ti wá, ìdí nìyẹn tó fi kéré tó bẹ́ẹ̀. Ó mọ́, ó yára, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó lè tì kò pọ̀. Àwọn kan tún ń fi oríṣi kẹta kún un fún òkè tente, bíi electrostatic. Tribrid ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Láàárín wọn ni crossover wà, ìyẹn kapásítọ̀ àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń pín orin: ìwọ gba ìsàlẹ̀, ìwọ gba òkè. Wọ́n tún máa ń fi ọ̀pá tóóró àti fíltà inú ẹnu íápíìsì tún ìpín náà ṣe. Ibi tí sípíkà kan ti ń fi iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́ ni mo máa ń pè ní oríkèé, ibẹ̀ sì ni hybrid ti ń yege tàbí kó kùnà. Àwọn tó ń ṣe é máa ń kọ iye sípíkà sára páálí gàdàgbà, 6, 8, 12. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn kó sí yín lórí. Mo ti gbọ́ sípíkà méjì tó ṣọ̀kan bí ẹni pé ẹyọ kan ni wọ́n, mo sì ti gbọ́ mẹ́jọ tí kálukú ń sọ tiẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tọ́jú rọ́bà etí

Bí rọ́bà ò bá dí ihò etí pinpin, béèsì á jò lọ, ó parí. Ọ̀pọ̀ tó ń ráhùn pé hybrid kan ò ní béèsì, rọ́bà tí kò bá etí wọn mu ni wọ́n fi sí i. Etí méjèèjì sì lè má gba ìwọ̀n kan náà. Èmi ń lo ìwọ̀n àárín lápá òsì, ńlá lápá ọ̀tún.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ wá áàpù tó ń ṣe ìró gbọọrọ, ẹ yàn 40 Hz, ìyẹn ìró tó ń gbọ̀n nígbà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ jẹ́ kó máa dún jẹ́jẹ́, kí ẹ wá fi ìka ti íápíìsì náà wọlé díẹ̀. Bí ìró náà bá ki sí i bí ẹ ṣe tì í, afẹ́fẹ́ ti ń jò tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà títí ìka yín ò fi ní yí ohunkóhun padà mọ́. Ẹ ṣe é ní etí kan, kí ẹ tó bọ́ sí èkejì.

Irú rọ́bà kan náà ló yẹ kó wà lára íápíìsì méjèèjì bí ẹnu wọn bá gbà á. Fóòmù máa ń dí etí dáadáa, àmọ́ ó sábà máa ń rẹ òkè orin sílẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá fi fóòmù sí ọ̀kan tí ẹ fi sílíkónì sí èkejì, rọ́bà lẹ fi ń wéra yẹn o. Rọ́bà tí ihò rẹ̀ fẹ̀ àti èyí tí ihò rẹ̀ tóóró kì í dún bákan náà.

Bí ẹ ṣe tì í wọlé tó náà ṣe pàtàkì. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ẹnu íápíìsì àti awọ etí ń dún bíi ti inú fèrè. Ó ní ibi tó ti máa ń hó, tó sábà máa ń wà ní ìtòsí 8,000 Hz. Bí ẹ bá tì í wọlé sí i, ibi híhó náà á gòkè. Bí ẹ bá fà á jáde díẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó fà á nìyẹn tí àwòrán ìlà tí wọ́n fi etí irin wọ̀n, èyí tó ń tẹ̀lé ìlànà IEC 60318-4, fi ṣeé gbára lé ní ìsàlẹ̀ àti àárín, àmọ́ tí apá tó kọjá 8,000 Hz kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ohun tí etí tiyín máa gbọ́.

Kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo nẹ́ẹ̀tì ẹnu rẹ̀. Ìdọ̀tí etí tó bá dí ìdajì nẹ́ẹ̀tì yẹn lè ba apá kan jẹ́ láìjẹ́ pé íápíìsì ní àbùkù.

Ìgbésẹ̀ kejì: orísun kan, fáìlì kan

Wáyà ni kí ẹ lò, kì í ṣe Bluetooth. Ẹ pa gbogbo nǹkan tó ń fi adùn kún orin nínú fóònù: equalizer (èyí tó ń fi kún béèsì tàbí òkè, tàbí tó ń dín wọn kù), ìró yíyípo, ìmúdọ́gba fọ́lúùmù. Fáìlì FLAC (fáìlì orin tí wọn ò gé nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀) 16-bit, 44.1 kHz, bíi ti CD, ti tó. Kò sí ohun tí èyí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ máa fi hàn yín nínú ìdánwò yìí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò kà sí ni impedance ibi tí orin ti ń jáde, ìyẹn bí ihò íápíìsì fóònù tàbí ẹ̀rọ amóhùngbòòrò ṣe ń dènà iná fúnra rẹ̀. Ti sípíkà dynamic kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà látìsàlẹ̀ dókè, àmọ́ nígbà tí BA àti crossover bá wọ̀ ọ́, ó lè ga níbì kan kó sì lọ sílẹ̀ gan-an níbòmíràn. Ohm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ká ní hybrid kan jẹ́ 32 ohm níbi béèsì, tó já sí 8 ohm níbi òkè. Bí orísun bá jẹ́ 10 ohm, òkè orin á fi bíi 4.7 dB rẹlẹ̀ sí béèsì ju bí ẹni tó ṣe é ṣe fẹ́ lọ. Bí orísun náà bá jẹ́ 0.5 ohm, ìyàtọ̀ yẹn ò ní tó 0.4 dB. Íápíìsì kan náà ni o! Ẹni méjì á wá máa jà lórí rẹ̀, ọ̀kan ní ó ṣókùnkùn, èkejì ní ó mọ́lẹ̀, òótọ́ ni àwọn méjèèjì sì ń sọ. Ẹ wá orísun tí impedance rẹ̀ ò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti íápíìsì lọ. Fún íápíìsì 16 ohm, 2 ohm ni òpin.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mú ariwo wọn dọ́gba

Tí ẹ bá máa fo gbogbo ìgbésẹ̀ yòókù, ẹ má fo èyí. Bí ohun kan bá fi 1 dB péré pariwo ju ìkejì lọ, etí lè má gbọ́ ọ bí ariwo rárá. Á gbọ́ ọ bí adùn. Á ní ó kún, á ní ó mọ́.

Nọ́ńbà ara páálí kò lè gbà yín. Ká ní ìwé méjèèjì kọ 105 dB/mW, ìyẹn ariwo tí íápíìsì ń mú jáde bí mílíwáàtì iná kan bá wọ̀ ọ́, àmọ́ tí ọ̀kan jẹ́ 16 ohm, tí èkejì jẹ́ 32 ohm. Lórí fóònù kan náà, ní fọ́lúùmù kan náà, ti 16 ohm á fi nǹkan bíi 3 dB pariwo ju èkejì lọ, torí pé ìlọ́po méjì agbára iná ló ń gbà. Àwọn mìíràn sì ń kọ tiwọn ní dB/V, ìyẹn ariwo fún fóòtì iná kan, tí nọ́ńbà rẹ̀ á wá tóbi lójú lásán.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Mo máa ń gé rọ́bà ọ̀pá tóóró bí ìka ọwọ́ kan, màá ki ẹnu íápíìsì bọ apá kan, màá gbé apá kejì lé ihò máíkì fóònù mìíràn, màá sì fi amọ̀ rírọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ ìwé mọ́ ògiri dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká. Màá wá ṣí áàpù tó ń wọn ariwo, kí n sì jẹ́ kí ìró 500 Hz máa dún. Nọ́ńbà tó bá fi hàn kì í ṣe òtítọ́ gidi, kò sì pọn dandan kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń wá ni pé kí íápíìsì kejì, ní ipò kan náà gẹ́lẹ́, gbé nọ́ńbà kan náà jáde. Mo máa ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà mẹ́ta, nítorí bí amọ̀ yẹn bá yẹ̀ díẹ̀, nọ́ńbà á yẹ̀.

Ọ̀pọ̀ fóònù ò ní ju ìpele fọ́lúùmù 15 tàbí 16 lọ, ìpele kan sì lè fo 2 tàbí 3 dB. Ẹ lo áàpù orin tó ń jẹ́ kí ẹ dín fọ́lúùmù kù ní ìdá dB kan. Ẹ dín èyí tó ń pariwo kù, ẹ má gbé èyí tó rẹlẹ̀ sókè. Ní ti etí fúnra rẹ̀, ìwọ̀n tí NIOSH, àjọ tó ń rí sí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ fún ibi iṣẹ́ ni 85 dB fún wákàtí 8, bó bá sì ti fi 3 dB lé, àkókò á já sí ìdajì. Etí tó ti rẹ̀ ò ṣe é fi ṣe ìdájọ́, nítorí náà ẹ máa sinmi fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn gbogbo ìlàjì wákàtí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ṣé òsì àti ọ̀tún wà ní ìrẹ́pọ̀?

Ẹ wọ inú ètò fóònù, ẹ sọ ohùn di mono, ìyẹn kí ohùn kan náà máa lọ sí etí méjèèjì, kí ẹ gbọ́ ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀. Àárín orí gan-an ló yẹ kó jókòó sí. Bó bá fì sápá kan, ẹ yí íápíìsì sódì, ti òsì sí ọ̀tún. Bó bá fì sápá kejì, íápíìsì, wáyà tàbí orísun ló ní ẹjọ́. Bó bá dúró síbi tó wà, etí yín ni.

Bí kò bá fì, tó kàn fọ́n ká bí èéfín, tí béèsì sì sá lọ, ẹ wo wáyà. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Hybrid mi kan ń lo wáyà ẹlẹ́nu méjì, 0.78 mm, tó ṣe é yọ. Mo yọ ọ́ nu, mo dá a padà, láti ìgbà náà orin di omi ṣúúrú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń sọ fún àbúrò mi pé íápíìsì náà ti bàjẹ́.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wáyà ọ̀tún yẹn kẹ́ ẹ yí i,” ló sọ fún mi lórí fóònù.

Mo yí i, béèsì padà wálé. Apá kan ti ń tì nígbà tí apá kejì ń fà, wọ́n wá ń pa ara wọn. Bí ẹnu wáyà yín bá rí pẹrẹsẹ tí kò sí àmì tó ń darí rẹ̀, ẹ fi pẹ́ẹ̀nì pupa sàmì sí ẹ̀gbẹ́ kan nísinsìnyí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gbọ́ oríkèé

Ibi tí ó ti dùn rèé. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin tí ẹ fẹ́ràn jù, ẹ ò ní gbọ́ íápíìsì, orin lẹ máa gbọ́.

Ọ̀rọ̀ lásán ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo gba ohùn ẹnì kan tí mo mọ̀ dáadáa sílẹ̀, ọkùnrin, ó ń kàwé sókè láìsí ìlù kankan lẹ́yìn. Ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin sábà máa ń wà ní ìtòsí 100 Hz, àmọ́ ìró s àti ṣ rẹ̀ ń lọ sókè ju 5,000 Hz lọ, nítorí náà gbólóhùn kan péré ti rìn gba ọwọ́ sípíkà méjèèjì kọjá. Ẹ bi ara yín: ṣé àyà ló ti ń sọ̀rọ̀ àbí ọ̀fun? Ṣé àyà rẹ̀ àti ètè rẹ̀ wà lára ẹnì kan náà? Hybrid tí oríkèé rẹ̀ ò dán máa ń jẹ́ kí ohùn náà dà bíi pé èèyàn kan ń kùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ẹlòmíràn sì ń ṣí ẹnu fún un.

Lẹ́yìn náà, ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù. Ìlù yìí ní apá méjì: “gbì” tó ń mi àyà, láàárín 50 sí 100 Hz, àti “tá” tí orí ọ̀pá fi ń kan awọ, tó wà lókè ní ẹgbẹ̀rún Hz mélòó kan. Dynamic ló ń ṣe gbì, BA ló sábà máa ń ṣe tá. Nínú èyí tó dára, ẹyọ ohun kan ló bà yín. Nínú èyí tí kò dára, tá ti kọjá kí gbì tó dé, tàbí kí gbì máa wọ́ ìdí lẹ́yìn bí ẹni tí bàtà rẹ̀ tóbi.

Ẹ wá dùrù tí ẹnì kan ń tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan látìsàlẹ̀ dókè. Ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá jẹ́ 27.5 Hz, ti òkè pátápátá jẹ́ 4,186 Hz. Ọwọ́ atẹdùrù náà dọ́gba, nítorí náà bí ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ṣàdédé rì, tàbí tí wọ́n yọrí jáde, tàbí tí dùrù náà bá yí láti igi di páànù láàárín ọ̀nà, ẹ kọ ibẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ oríkèé.

Kí ẹ fi ìró tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti 20 dé 20,000 Hz láàárín ìṣẹ́jú kan jẹ́rìí sí i. Bí ìró náà bá hó níbì kan náà nínú íápíìsì méjèèjì, etí yín ló sábà máa ń fà á. Bó bá hó nínú ọ̀kan ṣoṣo, íápíìsì yẹn ló ni ín.

Ọgbọ́n kan wà fún àwọn tí íápíìsì wọn méjèèjì ń lo irú ẹnu wáyà kan náà. Ẹ so apá òsì ti àkọ́kọ́ àti apá ọ̀tún ti ìkejì mọ́ wáyà kan, ẹ fi ohùn sí mono, kí ẹ máa fi ìka yí ohùn láti òsì sí ọ̀tún nínú ètò fóònù. Ẹ ò ní yọ nǹkan kan kúrò létí, ìyípadà náà á sì ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Etí wa kì í rántí ìró fínnífínní ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá lọ; kí ẹ tó yọ ọ̀kan kí ẹ wọ èkejì, ó ti lọ. Lẹ́yìn náà ẹ pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́, ọ̀tún ti àkọ́kọ́ àti òsì ti ìkejì, nítorí etí òsì àti ọ̀tún kì í gbọ́ bákan náà.

Àwọn yòókù, ní kíákíá

Fún òkè orin, ẹ gbọ́ agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀: kì í ṣe bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ìró wọn ṣe ń kú lọ ni. BA tí wọ́n fi pamọ́ sínú ẹnu íápíìsì gan-an lè jẹ́ kí ìró s gún etí bí abẹ́rẹ́. Ní ti ìbú orin, ẹ má retí púpọ̀. Inú orí ni íápíìsì ń gbé. Ẹ kàn wò ó bóyá ẹ lè nawọ́ sí akọrin kọ̀ọ̀kan nígbà tí mẹ́ta bá ń kọrin pọ̀.

Ẹ dín fọ́lúùmù kù gan-an, kí ẹ tún gbọ́ ọ. Láti 1933 ni Fletcher àti Munson, àwọn olùṣèwádìí nípa bí etí ṣe ń gbọ́ràn, ti fi hàn pé bí ariwo bá ti ń dín kù, béèsì ló máa ń kọ́kọ́ sá kúrò létí. Hybrid tó dùn ní ariwo ńlá nìkan lè di nǹkan mìíràn lóru tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ jẹ́jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ bọ́ aṣọ wọn

Ẹ ṣí equalizer wàyí. Bí ọ̀kan bá ní béèsì tó pọ̀ jù, ẹ gé e títí tó fi sún mọ́ èkejì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún òkè, kí ẹ tún mú ariwo dọ́gba. Àwọ̀ orin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra báyìí. Ohun tó bá ṣẹ́kù ló jẹ́ ti sípíkà àti oríkèé gan-an. Nígbà mìíràn, kò sí nǹkan kan tó ṣẹ́kù. Ó máa ń dun èèyàn tó ti náwó rẹpẹtẹ, àmọ́ mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: àwọ̀ orin nìkan ni ìyàtọ̀ wọn, equalizer ọ̀fẹ́ sì lè tún un ṣe. Ohun tí equalizer ò lè tún ṣe ni tá àti gbì tó ń dé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ jẹ́ kó sùn mọ́ yín

Wọ́n máa ń ní kí a fi orin dáná sí íápíìsì tuntun fún ọgọ́rùn-ún wákàtí kó tó dára. Èmi ò gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ wa ló ń bá a mọ́ra, ìmọ́ra yẹn sì lágbára débi pé ó lè bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ẹ lo íápíìsì àkọ́kọ́ nìkan fún ọjọ́ mẹ́rin, láìfọwọ́ kan èkejì rárá. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ wọ èkejì, kí ẹ fi ohùn ọkùnrin tó ń kàwé yẹn bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tó bá yà yín lẹ́nu láàárín ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ kí ó tó mọ́ yín lára. Ẹ tún lo òun náà fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ẹ padà sí àkọ́kọ́, kí ẹ kọ tiẹ̀ náà. Ẹ gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ̀sùn tó bá wà nínú ọ̀kan, tí òdì kejì rẹ̀ sì wà nínú èkejì, bíi “ohùn rẹ̀ ti imú jáde” níbí àti “àyà rẹ̀ ti padà” lọ́hùn-ún, òun ni kí ẹ gbà gbọ́.